Bí Ó Ṣe Le Tó Ni Ká Kọ́kọ́ Béèrè: Àlàyé Lórí Àìsàn Ìhùwàsí

Ìwé pélébé kan máa ń bá aláìsàn wálé láti ọ̀dọ̀ dókítà ọpọlọ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tàbí ní Kútọnu, ní ilẹ̀ Benin, gbólóhùn Faransé kan á sì wà lórí rẹ̀: trouble de la personnalité, ohun tí a ń pè ní àìsàn ìhùwàsí níbí. Nígbà mìíràn, lẹ́tà òun nọ́ńbà lásán ni, bíi F60.3 tàbí 6D10.1. Wọ́n á ka ìwé náà sétí ìyá, ìyá á ní kí ni wọ́n ń wí. Ẹnìkan á dáhùn pé wèrè ni. Ẹ̀gbọ́n á ní rárá, ìwà burúkú lásán ni, bí wọ́n bá nà án dáadáa, á gbọ́n. Àbúrò bàbá á ní àfiṣe ni, kí wọ́n má fowó ṣòfò ní ilé ìwòsàn. Kò sí èyí tó jẹ́ ohun tí dókítà kọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bẹ́ẹ̀ sì ni ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní ibi tó máa gbé aláìsàn náà lọ: ìdí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ìdí ẹgba, tàbí ibi tí owó ti ń tán láìsí ìtura.

Ẹnu wa ni ìṣòro àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí àwọn Faransé ń pè ní personnalité kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó bá a mu ní Yorùbá. "Ìwà" ló sún mọ́ ọn jù, ṣùgbọ́n ìdájọ́ ti wà nínú ìwà kó tó dé ẹnu. A máa ń sọ pé lágbájá níwà, pé tàmẹ̀dò ò níwà, a sì gbà pé ẹni tí kò níwà ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Personnalité kì í yin èèyàn, kì í sì í bú èèyàn. Ó jẹ́ ọ̀nà tí ẹnìkan ń gbà rí ara rẹ̀, tó ń gbà rí ọmọnìkejì rẹ̀, tó ń gbà bínú, tó ń gbà nífẹ̀ẹ́, tó sì ń gbà tu ara rẹ̀ nínú nígbà tí nǹkan bá dojú rú, láti ìgbà ọ̀dọ́ títí di àgbà. Nítorí náà ni a ṣe ń lo "ìhùwàsí" níbí. Ó di àìsàn ìhùwàsí nígbà tí ọ̀nà náà bá ti gan débi pé onítọ̀hún ò lè yí i padà bí ipò bá yí padà, tó sì ń ba ayé rẹ̀ jẹ́, tàbí ayé àwọn tó yí i ká, fún ọdún pípẹ́ àti ní ibi púpọ̀.

Ẹ fi ọkàn sí "ibi púpọ̀" yẹn. Ọmọ tó ń bá ìyàwó bàbá rẹ̀ jà lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n tí ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ń yìn ín, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ti wà pẹ̀lú rẹ̀ láti ilé ìwé, kò ní àìsàn ìhùwàsí. Ìjà ilé ló ní. Dókítà tí kò bá béèrè ju ọ̀rọ̀ ilé kan lọ lè fi ìjà ilé pe àìsàn.

Dókítà ará Jámánì kan, Kurt Schneider, ti là á sílẹ̀ ní 1923 pé àwọn wọ̀nyí ni ẹni tí ìhùwàsí ara wọn ń fìyà jẹ, tàbí tí ìhùwàsí wọn ń fìyà jẹ àwùjọ. Ìdajì àkọ́kọ́ ni àwọn èèyàn sábà máa ń gbàgbé. Púpọ̀ nínú àwọn tó ní àìsàn yìí kò pa ẹnikẹ́ni lára rí, inú ara wọn ni wọ́n ti ń jìyà.

Ìwé méjì, ìṣirò méjì

Ìwé méjì ni àwọn dókítà ń wò láti fún àìsàn ọpọlọ lórúkọ. Ọ̀kan ni CIM, ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, èyí tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ICD. Òun ni àwọn orílẹ̀-èdè fi ń kọ àkọsílẹ̀ àìsàn. Èkejì ni DSM, ìwé ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà, tí ẹ̀dà rẹ̀ karùn-ún jáde ní 2013, tí wọ́n sì tún un ṣe ní 2022. Ìwé méjèèjì ti fohùn ṣọ̀kan fún ìgbà pípẹ́ pé oríṣi oríṣi ni àìsàn ìhùwàsí. Ní báyìí, wọn ò fohùn ṣọ̀kan mọ́, ibẹ̀ sì ni ìdàrúdàpọ̀ tó wà lórí àwọn ìwé wa ti wá.

DSM ka oríṣi mẹ́wàá, ó kó wọn sí agbo mẹ́ta. Nínú agbo kìíní ni ẹni tó ń fura sí gbogbo ayé wà, àti ẹni tí kò wá ẹnikẹ́ni tí kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá òun, àti ẹni tí ìgbàgbọ́ òun ìṣe rẹ̀ ṣàjèjì pátápátá sí àwọn tí wọ́n jọ dàgbà. Agbo kejì kó ẹni tó ń tẹ ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn mọ́lẹ̀ láìkábàámọ̀, ẹni tó ń fẹ́ kí gbogbo ojú wà lára òun, ẹni tó gbé ara rẹ̀ gẹ̀gẹ̀ débi pé ọmọnìkejì ò já mọ́ nǹkan lójú rẹ̀, àti ẹni tí ìfẹ́ òun ìbínú rẹ̀ ń yí bí afẹ́fẹ́, tí ẹ̀rù pé wọn á fi òun sílẹ̀ kì í jẹ́ kó sinmi. Ẹni ìkẹyìn yìí ni Faransé náà ń pè ní borderline. Agbo kẹta ni ti oníbẹ̀rù: ẹni tó ń sá fún àwùjọ kí wọ́n má baà fi àbùkù kàn án, ẹni tí kò lè dá ohunkóhun ṣe láìsí ẹni tó máa gbé e dúró, àti ẹni tí ètò àti pípé nǹkan ti dè lókùn.

Oríṣi kọ̀ọ̀kan ní àmì tí dókítà ń kà. Borderline ní àmì mẹ́sàn-án, ó kéré tán ó gbọ́dọ̀ pé márùn-ún kí wọ́n tó kọ ọ́. Èyí tó ń fura ní àmì méje, mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ pé. Ti ẹni tó ń tẹ ẹ̀tọ́ mọ́lẹ̀ le jù: onítọ̀hún gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 18, mẹ́ta gbọ́dọ̀ pé nínú àmì méje, ẹ̀rí sì gbọ́dọ̀ wà pé ìwà ipá tàbí ìrúfin náà ti bẹ̀rẹ̀ kó tó pé ọdún 15.

Ìṣirò àmì yìí rọrùn láti kọ́ni, ṣùgbọ́n ó ní àléébù ńlá. Ẹ wo borderline nìkan. Bí ẹ bá ka gbogbo ọ̀nà tí àmì márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè gbà jáde nínú mẹ́sàn-án, 256 ni. Èèyàn méjì lè gba orúkọ àìsàn kan náà kó jẹ́ pé àmì kan ṣoṣo ni wọ́n fi jọra. Lọ́wọ́ kejì, ẹni tó bá ní àmì mẹ́rin kò gba nǹkan kan, ẹni tó ní márùn-ún gba orúkọ, bí ẹni pé odò kan ló là wọ́n láàárín. Bẹ́ẹ̀, èyí tó ní mẹ́rin lè máa jìyà ju èyí tó ní márùn-ún lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn oríṣi náà ń wọnú ara wọn. Aláìsàn kan náà lè bá oríṣi méjì tàbí mẹ́ta mu, dókítà á wá mú èyí tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Bí kò bá rí èyí tó mú, á kọ "sans précision", ìyẹn ni pé àìsàn ìhùwàsí wà ṣùgbọ́n kò mọ oríṣi rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kò ran ìyá lọ́wọ́, kò ran aláìsàn lọ́wọ́, kò sì sọ fún dókítà tó ń bọ̀ lẹ́yìn ohun tó máa ṣe.

Ìdí nìyẹn tí CIM fi pa agbada rẹ̀ dà. Ẹ̀dà kẹwàá ló ní F60 pẹ̀lú àwọn ẹ̀ka rẹ̀: F60.0 fún ẹni tó ń fura, F60.3 fún èyí tí inú rẹ̀ kì í dúró sójú kan (nínú èyí tí borderline wà), F60.9 fún "sans précision". Àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ẹ̀dà kọkànlá ní oṣù karùn-ún 2019, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2022. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan àti ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ń rìn ní ìwọ̀n tirẹ̀, nítorí náà ẹ lè bá F60 àti 6D10 pàdé nínú àpò ìwé aláìsàn kan náà. Kì í ṣe àìsàn méjì. Ìwé méjì ni.

Nínú ẹ̀dà tuntun, ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe "oríṣi wo ni?" mọ́. Ó di "báwo ló ṣe le tó?" Ìpele mẹ́ta ni: 6D10.0 fún èyí tó fúyẹ́, 6D10.1 fún èyí tó wà láàárín, 6D10.2 fún èyí tó le. Nísàlẹ̀ wọn ni ohun kan wà tí kì í ṣe àìsàn rárá, QE50.7, ìyẹn ìnira ìhùwàsí lásán: ó ń dà èèyàn láàmú nígbà kan, ó sì ń fi í sílẹ̀ nígbà mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká mú aránṣọ kan lọ́jà Ouando ní Àjàṣẹ́. Ẹni tí nǹkan gbọ́dọ̀ pé lọ́wọ́ rẹ̀ ni, tó ń tú ojú rírán nígbà mẹ́ta nítorí òwú kan tó yà. Bí àwọn oníbàárà bá ń ráhùn lásìkò ọdún, tí ara rẹ̀ sì ń balẹ̀ lẹ́yìn ọdún, ìnira ni. Bí ó bá ti ń sọ ọmọṣẹ́ nù lọ́dọọdún nítorí pé kò sẹ́ni tó lè rán aṣọ tó máa tẹ́ ẹ lọ́rùn, ṣùgbọ́n tí ọkọ, ọmọ àti ọ̀rẹ́ ṣì wà, tí ṣọ́ọ̀bù ṣì ń ṣí, ìpele tó fúyẹ́ ni. Bí ṣọ́ọ̀bù bá ti tì nítorí pé aṣọ kì í jáde, tí ìgbéyàwó ti ń mì, tí àwọn ọmọ ń sá fún un, tí ó sì ti ń ronú láti pa ara rẹ̀ lára nígbà tí ìtìjú bá pọ̀, ó ti dé àárín. Bí kò bá lè ṣe iṣẹ́ kankan mọ́, tí kò sí ẹni tó lè bá a gbé, tí èrò rẹ̀ nípa ara rẹ̀ ti fọ́ pátápátá, tí ewu sí ẹ̀mí rẹ̀ tàbí ti ẹlòmíràn sì ń wáyé léraléra, ìpele tó le nìyẹn. Ìwà kan náà ni látòkè délẹ̀, pípé nǹkan. Ohun tó yí padà ni iye ibi tí ó ti bà jẹ́ àti bí ewu ṣe tó. Dókítà tó mọ ìpele ti mọ bóyá kó ní kí onítọ̀hún padà wá lóṣù tó ń bọ̀ tàbí kó wá ibùsùn fún un lónìí. Dókítà tó mọ oríṣi nìkan kò tíì mọ ìyẹn.

Lẹ́yìn ìpele ni wọ́n á wá fi àwọ̀ sí i. Àwọ̀ márùn-ún ni: inú tó ń tètè bàjẹ́, tó ń bẹ̀rù, tó ń bínú, tó ń tijú; ìfà-sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ èèyàn; àìka ẹlòmíràn sí; ìṣe láìro ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ; àti ètò líle bíi ti aránṣọ wa. Ẹnìkan lè ní méjì tàbí mẹ́ta pọ̀. Àwọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe àìsàn fúnra wọn, gbogbo wa la ní díẹ̀díẹ̀ lára wọn. Borderline nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àkàlé, 6D11.5, nítorí pé ìtọ́jú tó ti fìdí múlẹ̀ wà fún un, àwọn oníṣègùn ò sì fẹ́ kí ó sọnù. A gbà pé ìpinnu tó dára ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó da ètò náà rú díẹ̀.

DSM ní tirẹ̀ ṣì di oríṣi mẹ́wàá mú, ṣùgbọ́n ó fi ìlànà mìíràn sí apá ẹ̀yìn ìwé náà, èyí tó ń wọn bí ó ṣe le tó, tó sì dín oríṣi kù sí mẹ́fà. Ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń forí lé.

Bí àyẹ̀wò tó péye ṣe ń lọ

Kò ṣeé ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí wọ́n gbé dé ilé ìwòsàn lóru nítorí pé ó gbé oògùn mì, tàbí tó ń pariwo lẹ́yìn tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ já a sílẹ̀, kì í ṣe ẹni tí a lè wọn ìhùwàsí rẹ̀ lóru yẹn. Ìdààmú máa ń pa èèyàn láwọ̀ dà. Wọ́n á kọ́kọ́ gba ẹ̀mí là, wọ́n á tọ́jú ìbànújẹ́ tàbí àìsùn tó wà níbẹ̀, wọ́n á wá béèrè nígbà tí ara bá balẹ̀: báwo lo ṣe rí kó tó di pé èyí ṣẹlẹ̀?

Ohun tí wọ́n ń wá ni ìtàn gígùn. CIM ní kí ìṣòro náà ti wà fún bí ọdún méjì, ó kéré tán; DSM ní kí ó ti hàn láti ìgbà ọ̀dọ́ tàbí ìbẹ̀rẹ̀ àgbà. Dókítà á béèrè nípa ilé ìwé, ẹnu iṣẹ́ àti iye ọ̀gá tó ti yí, nípa ọ̀rẹ́ tó pẹ́ jù, ìfẹ́ àti bí ó ṣe máa ń parí, owó, ìjà. Á béèrè irú ẹni tí onítọ̀hún gbà pé òun jẹ́, bóyá èrò yẹn dúró tàbí ó ń yí lójoojúmọ́. Á wò ó bóyá ó lè rò ó pé ẹlòmíràn ní èrò tirẹ̀. Ẹ kọ àwọn nǹkan wọ̀nyí sínú ìwé kékeré kẹ́ ẹ tó lọ: ọjọ́ orí, ohun tó ṣẹlẹ̀, bó ti pẹ́ tó, oògùn tó ti lò àti ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ mú kàné ìlera dání. Wákàtí kan lọ́dọ̀ dókítà kúrú bí ẹ bá ń gbìyànjú láti rántí ọdún.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda aláìsàn, dókítà á bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, ó dára kó ju ẹnìkan lọ, kí wọ́n má sì wá láti ibì kan náà: ìyá, ọ̀rẹ́, ọ̀gá iṣẹ́. Ibí yìí ni nǹkan ti sábà ń bàjẹ́ lọ́dọ̀ wa. Dókítà lè máa sọ Faransé tàbí Fọ̀n, kí aláìsàn tó ti Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ wá máa sọ Yorùbá, ọkọ rẹ̀ á wá máa túmọ̀. Bó bá jẹ́ pé ọkọ náà ni wọ́n jọ ń jà, ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá yẹn? Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ẹ fẹ́ ògbufọ̀ tí kì í ṣe ará ilé, nọ́ọ̀sì tó gbọ́ èdè náà ló dára jù. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà le. Bí aláìsàn bá ní "inú mi ṣófo", ẹni tó ń túmọ̀ lè sọ pé ebi ń pa á, bẹ́ẹ̀ àìmọ ohun tó kù nínú ayé ni ó ń sọ, àmì kan tó ṣe kókó nínú borderline sì ni. "Orí mi gbóná" náà lè jẹ́ ibà, ìbínú, tàbí ẹ̀rù.

Ìwé ìbéèrè kò lè rọ́pò ìjókòó yìí. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní PID-5 tó ní ìbéèrè 220, ó wúlò fún wíwọn àwọ̀ ìhùwàsí. Ṣùgbọ́n ìwé tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kún máa ń mú ju iye tó yẹ lọ, pàápàá nígbà tí inú rẹ̀ bá bàjẹ́. Èyí tó wà lórí fóònù, ìbéèrè mẹ́wàá tó ń sọ orúkọ àìsàn fún yín lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, ẹ má fi sọ ara yín lórúkọ, ẹ má sì fi sọ ìyàwó yín.

Lẹ́yìn ìtàn, wọ́n á wá ohun mìíràn tó lè jọ ọ́ tì. Èyí ni apá tí a fẹ́ kí àwọn ará ilé mọ̀ jù lọ. Àìsàn ìhùwàsí kì í bẹ̀rẹ̀ lójijì ní ẹni ọdún 45. Bí èèyàn jẹ́jẹ́ bá di oníjà, aláìnítìjú tàbí ẹni tí kò bìkítà mọ́ láàárín oṣù díẹ̀, ẹ má sọ̀rọ̀ ìwà, ẹ wá ohun tó ń ṣe ọpọlọ: koko inú orí, rọpárọsẹ̀, wárápá, tàbí irú àìsàn ìgbàgbé kan tó ń jẹ iwájú ọpọlọ, tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 45 sí 65. Ọmọ tó ti ṣubú lórí zémìdján, tó forí gbá ọ̀dà láìdé akoto, lè yí padà lẹ́yìn náà, nítorí iwájú ọpọlọ ni ìjánu ìbínú wà. Ẹ sọ ìjàǹbá yẹn fún dókítà, bó tilẹ̀ ti pẹ́ ọdún mẹ́ta. Wọ́n lè gba ẹ̀jẹ̀ láti wo ṣúgà, kòkòrò HIV, àìsàn sífílíìsì tó ti wọnú ọpọlọ, àti iṣẹ́ thyroïde, ẹ̀yà kékeré inú ọrùn tó lè sọ èèyàn di oníjìnnìjìnnì àti onínúfùfù bí ó bá ń ṣiṣẹ́ jù.

Ohun mímu àti oògùn náà wà níbẹ̀. Sódàbì ojoojúmọ́, tàbí tramadol tí àwọn ọ̀dọ́ kan fi ń gba agbára ṣiṣẹ́, lè bí irọ́, olè, ìbínú àti ìlérí asán. Kò sẹ́ni tó lè mọ èyí tó jẹ́ ti oògùn àti èyí tó jẹ́ ti ìhùwàsí àfi bí wọ́n bá mọ bí onítọ̀hún ṣe rí kó tó bẹ̀rẹ̀, tàbí lẹ́yìn tó ti jáwọ́ fún ìgbà díẹ̀.

Èyí tó ń rú àwọn dókítà pàápàá lójú ni borderline àti bipolaire, àìsàn tí inú fi ń yí láti ayọ̀ àṣejù sí ìbànújẹ́ ńlá. Ẹ wo aago. Nínú bipolaire, ìgbà tí ara bá yá sódì, tí oorun ò kún ojú, tí owó ń fò, máa ń pẹ́ tó ọjọ́ mẹ́rin ó kéré tán, ó sì sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í sì í dúró de ìdí. Nínú borderline, inú lè dùn láàárọ̀, kó bàjẹ́ lọ́sàn-án, kó tún gbóná lálẹ́, ọ̀rọ̀ ẹnìkan tàbí ìpè tí wọn ò gbé ló sì sábà ń fà á. Oògùn tó di bipolaire mú kò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún borderline, nítorí náà àṣìṣe yìí lè ná aláìsàn ní ọdún púpọ̀. Bákan náà, ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ tàbí tí wọ́n lù láti kékeré lè máa fò sókè, kó máa fura, kó máa sá fún èèyàn. Ìpalára ọkàn ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò. Ẹni tó ń fọwọ́ nígbà ogójì lóòjọ́, tó mọ̀ pé ó ti pọ̀ jù tí kò sì lè dá a dúró, TOC, àìsàn àṣetúnṣe tí èèyàn kò lè dá dúró, ló ń ṣe é, kì í ṣe ètò líle ti aránṣọ. Aránṣọ gbà pé òun ló tọ̀nà.

Àṣà kì í ṣe àìsàn

CIM kọ ọ́ kedere pé ìhùwàsí tí àṣà tàbí ipò àwùjọ lè ṣàlàyé kì í ṣe àìsàn. Lọ́dọ̀ wa, gbólóhùn yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ọ̀dọ́bìnrin ní Kétu tó ń béèrè lọ́wọ́ ìyá ọkọ kó tó tajà, tó ń kúnlẹ̀, tí kò dá ìpinnu ńlá ṣe, ń ṣe bí wọ́n ti kọ́ ọ ni. Ìbéèrè dókítà ni bóyá, níbi tí àṣà bá ti yọ̀ǹda fún un láti pinnu, ó lè pinnu. Ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni Kétu, ọ̀rọ̀ àwọn ìyá wa sì wà lẹ́nu gbogbo agboolé. Ẹni tó bá gbà pé ayé lè nawọ́ sí òun kò fura ju ará ilé rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí àwọn ará ilé náà bá ní "tirẹ̀ ti pọ̀ jù, kò sẹ́ni tí kì í fura sí, títí kan ọmọ ọdún mẹ́ta", àwọn tó ń pín ìgbàgbọ́ kan náà pẹ̀lú rẹ̀ ló ti jẹ́rìí yẹn. Ẹni tí òrìṣà gùn níbi ọdún, tó sì padà sípò nígbà tí ìlù dákẹ́, kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ohun tí a ń sọ.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ọkùnrin bá ṣe nílé ni àṣà. Ẹni tó ń lu ìyàwó, tó ń purọ́ gba owó àjọ, tí ẹkún ẹlòmíràn kò kàn án láti ìgbà èwe, àṣà kankan kò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ìyàwó tó sì kọ̀ láti gba lílù kò ní àìsàn ìhùwàsí nítorí pé ó ń kígbe.

Lórí àwọn ọmọ, ìṣọ́ra gbọ́dọ̀ pọ̀. Ọmọ ọdún 15 ń yí padà lójoojúmọ́. DSM ní kí àmì náà ti wà fún ọdún kan gbáko kí wọ́n tó kọ ọ́ fún ẹni tí kò tíì pé 18, wọn ò sì gbọ́dọ̀ kọ ti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ẹ̀tọ́ fún un rárá. Síbẹ̀, ẹ má torí ìyẹn dúró bí ọmọ bá ń gé ara rẹ̀ lọ́bẹ. Ẹ gbé e lọ, orúkọ lè dúró.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọ ọ́

Kò sí oògùn kan tó wà fún àìsàn ìhùwàsí fúnra rẹ̀. Oògùn lè wà fún ìbànújẹ́ tàbí àìsùn tó bá a rìn, fún ìgbà díẹ̀. Oògùn amárasùn tí èèyàn ń lò fún oṣù púpọ̀ máa ń di bárakú, ó sì lè tú ìjánu ẹni tó ti ń ṣe nǹkan láìronú. Ìtọ́jú gan-an ni ìjókòó sọ̀rọ̀ tó ní ètò, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, fún ìgbà pípẹ́. Èyí tí Marsha Linehan, onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá, gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún borderline ń kọ́ aláìsàn ní bí á ṣe fara da ìgbóná ọkàn láìpa ara rẹ̀ lára, bí á ṣe béèrè ohun tó fẹ́ láìjà. Àwọn tó lè ṣe é kò pọ̀ ní Benin. Ní Àjàṣẹ́, ilé ìwòsàn ńlá ti Ouémé-Plateau ni ẹ ó kọ́kọ́ lọ. Ẹni tó wà ní Kétu lè bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn agbègbè ní Pobè kí wọ́n tó fi ìwé ránṣẹ́ síwájú. Láti Ṣábẹ̀ẹ́, Parakou àti Kútọnu ni ọ̀nà máa ń lọ. Dídè èèyàn ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kì í ṣe ìtọ́jú fún àìsàn ọpọlọ kankan. Ọmọ ilẹ̀ wa kan, Grégoire Ahongbonon, ti lo ayé rẹ̀ láti máa tú irú ẹ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ àwọn aláìsàn, nínú iṣẹ́ Saint Camille, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú aláìsàn ọpọlọ, tó bẹ̀rẹ̀ ní Bouaké ní Côte d'Ivoire.

Bí onítọ̀hún bá ń sọ pé òun á pa ara òun, ẹ gbà á gbọ́. "Ó kàn fẹ́ ká wo òun ni" ti sin èèyàn. Ní oko Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, oògùn apakòkòrò inú gálọ́ọ̀nù lábẹ́ ibùsùn ni ewu tó sún mọ́ jù. Ẹ gbé e kúrò nílé lónìí, ẹ tì í mọ́ ibi tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹ má sì jẹ́ kí oògùn oṣù kan wà lọ́wọ́ aláìsàn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun kan tún wà tí ìwé pélébé náà kì í sọ: orúkọ yìí kì í ṣe ti títí láé. Nínú ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n tẹ̀lé àwọn aláìsàn borderline 290 tí àìsàn wọn ti le débi tí wọ́n dá wọn dúró ní ilé ìwòsàn. Láàárín ọdún mẹ́wàá, 93 nínú ọgọ́rùn-ún ti lo ọdún méjì ó kéré tán láìní àmì tó tó fún orúkọ náà mọ́. Iṣẹ́ tó dúró àti àjọṣe tó dúró ló pẹ́ kó tó padà, bí ìdajì wọn ló dé ibẹ̀. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó dìde lọ́dọ̀ dókítà, ẹ béèrè ìpele tó kọ, ẹ ní kó kọ ọjọ́ rẹ̀ sí i, ẹ sì béèrè ìgbà tí wọ́n máa tún un wò. F60.3 tí wọ́n kọ fún ọmọ ọdún 19 lè má bá a mu mọ́ nígbà tó bá pé 30, ṣùgbọ́n á ṣì wà nínú àpò ìwé rẹ̀ bí kò bá sí ẹni tó ní kí wọ́n yọ ọ́.